Ẹ̀jẹ̀ Asibi àti Ẹmọ́ Òyìnbó Noguchi: Ẹ̀rí Ara Ẹranko Nínú Ọ̀ràn Àìsàn Ènìyàn

Ní ọgbà Yunifásítì Gánà ní Legon, ní ìlú Accra, ilé ìwádìí ìṣègùn kan wà tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1979 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ìjọba Jàpáàn. Orúkọ Hideyo Noguchi ni a fi sọ ọ́. Ọmọ Jàpáàn ni Noguchi; New York ni ó ti ṣiṣẹ́, Accra ni ó sì kú sí ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 1928, nígbà tí ó di ẹni ọdún 51. Àìsàn tí ó wá ṣèwádìí nípa rẹ̀ gan-an ni ó pa á. Ohun tí orúkọ ara ògiri kò lè sọ fún ẹni tó ń kọjá ni pé àbá tí ọkùnrin yìí gbé kalẹ̀ nípa àìsàn náà kò tọ̀nà, àti pé ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan láti Kpeve, ní ilẹ̀ Gold Coast kan náà, wà lára ohun tí ó bì í ṣubú.

Ìtàn náà tọ́ sí àgbéyẹ̀wò nítorí pé ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ kò tíì kúrò nílẹ̀. Nígbà wo ni ohun tí a rí lára ẹranko mélòó kan nínú yàrá ìwádìí tó láti fi sọ̀rọ̀ nípa ara ènìyàn? Lónìí, ìbéèrè yìí máa ń yọjú nínú ọ̀rọ̀ àwọn họ́mónù tí ara ń tú jáde nígbà ìdààmú. Ní ọdún 1927, ọ̀rọ̀ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ dúró díẹ̀ lórí orúkọ àìsàn náà. Ohun tí ojú rí ni 'pọ́njú-pọ́ntọ̀' ń ṣàpèjúwe: ojú aláìsàn a pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ a sì pọ́n. Orúkọ náà kò sọ ohun tí ó fa ìpọ́n náà. Nítorí èyí, ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ nítorí ohun mìíràn lè jẹ́ orúkọ kan náà lẹ́nu àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀kan nínú irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ni àrùn Weil, tí ènìyàn máa ń kó láti inú ìtọ̀ eku, tí kòkòrò àìfojúrí tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lọ́ bí okùn, èyí tí à ń pè ní leptospira, sì ń fà. Ẹ̀bi èdè Yorùbá kọ́ nìyẹn. Leptospira icteroides ni orúkọ tí Noguchi fún kòkòrò tí ó rí. Apá kejì orúkọ náà kò sọ ju pé nǹkan jọ àrùn tó ń mú ojú pọ́n lọ. Inú ìjọra yìí ni àṣìṣe ńlá náà farapamọ́ sí.

Ní ọdún 1918, àjọ Rockefeller Foundation rán Noguchi lọ sí ìlú Guayaquil ní orílẹ̀-èdè Ecuador. Ó gba ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn 27, ó sì gún un sára ẹmọ́ òyìnbó 74, ìyẹn ẹranko kékeré aláìnírù tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn fẹ́ràn láti máa lò. Mẹ́jọ péré nínú wọn, tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn mẹ́fà, ni ó ṣe àìsàn tó jọ ti ènìyàn. Lára díẹ̀ nínú àwọn wọ̀nyí ni Noguchi ti rí leptospira, ó sì kéde pé òun ti rí ohun tí ó ń fa ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Àwọn 66 tó kù ńkọ́? Ẹni tí ó ti gba àbá kan gbọ́ kì í pẹ́ rí àlàyé fún ohun tí kò bá àbá náà mu, pàápàá bí ó bá jẹ́ ọ̀mọ̀wé tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ bíi ti Noguchi.

Ìdíwọ́ kan ti wà nílẹ̀ kí ó tó débẹ̀. Ní Cuba, láàrin ọdún 1900 sí 1901, Walter Reed àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé àìsàn náà káàkiri, gẹ́gẹ́ bí Carlos Finlay ti sọ láti ọdún 1881, àti pé ohun tí ó ń fà á kéré débi pé ó ń gba inú asẹ́ tí ó ń dá bakitéríà dúró kọjá. Ara ènìyàn ni wọ́n ti ṣe ìdánwò wọn, nítorí pé kò sí ẹranko kankan tí a mọ̀ nígbà náà tí àìsàn náà ń mú. Jesse Lazear, ọ̀kan nínú wọn, kú sídìí iṣẹ́ náà ní ọdún 1900. Èsì Noguchi ni pé leptospira tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí òun náà fi lè gba inú irú asẹ́ bẹ́ẹ̀ kọjá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n pé nǹkan lè rí bẹ́ẹ̀ kò túmọ̀ sí pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé. A fi leptospira ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ní New York, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní Amẹ́ríkà ti Gúúsù àti ti Àárín ni ó sì gbà á pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé yóò dáàbò bò wọ́n. Ọdún 1926 ni wọ́n tó dáwọ́ pípín rẹ̀ dúró. Ní ọdún yẹn kan náà, Max Theiler àti Andrew Sellards ní Yunifásítì Harvard fi hàn pé kò sí ìyàtọ̀ tí a lè rí láàrin kòkòrò Noguchi àti kòkòrò àrùn Weil. Ẹmọ́ òyìnbó kò purọ́, nígbà náà. Àìsàn ṣe é lóòótọ́. Àìsàn mìíràn ni.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àjọ Rockefeller kan náà ti dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ ní Yábàá, ní Èkó, láti ọdún 1925, lábẹ́ ìdarí Henry Beeuwkes. Wọ́n fún ẹmọ́ òyìnbó ní ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn ilẹ̀ yìí, wọn kò rí leptospira. Wọ́n dán ọ̀bọ ilẹ̀ Áfíríkà wò, kò ṣe àìsàn. Ẹlòmíràn ì bá ti sọ níbẹ̀ pé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kì í ran ẹranko rárá. Ṣùgbọ́n Adrian Stokes, onímọ̀ ìṣègùn ọmọ ilẹ̀ Ireland, pẹ̀lú Johannes Bauer àti Paul Hudson, tún dán oríṣi ọ̀bọ tí à ń pè ní rhesus wò, èyí tí a kó wá láti ilẹ̀ Éṣíà.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1927, a gba ẹ̀jẹ̀ lára Asibi, ọkùnrin ẹni ọdún 28 ní Kpeve. Àìsàn tirẹ̀ kò le, ó sì yè é. Ọ̀bọ rhesus tí a gún ẹ̀jẹ̀ náà sí lára kò yè é. Láti ara rẹ̀ ni a ti kó àìsàn náà ran ọ̀bọ mìíràn, àti láti ara ìyẹn sí òmíràn. Ẹ̀fọn tí ó mu ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ tó ń ṣàìsàn gbé e dé ara ọ̀bọ tí ara rẹ̀ dá. Ẹ̀jẹ̀ tí a sẹ́ ṣì ń kóni ní àìsàn. Omi inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ti ṣe rí, tí wọ́n sì gbádùn, dáàbò bo ọ̀bọ tí a fún. Nígbà tí a sì wo ẹ̀dọ̀ àwọn ọ̀bọ tó kú, ìbàjẹ́ tí a mọ̀ nínú ẹ̀dọ̀ ènìyàn ni a bá níbẹ̀. A wá leptospira títí, a kò rí i. Stokes kò rí òpin iṣẹ́ náà. Àìsàn yìí pa á ní Èkó ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà.

Oṣù Kọkànlá ni Noguchi dé Accra. Kò lọ bá àwọn ará Yábàá ṣiṣẹ́ pọ̀. Yàrá ìwádìí ìjọba Gold Coast, tí William Alexander Young jẹ́ olórí rẹ̀, ni ó lò. Ó wá mọ ìdí tí ohun tí ó rí ní Amẹ́ríkà kò fi sí níhìn-ín. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1928 ó bẹ Èkó wò, àìsàn sì gbé e dè. Kí oṣù náà tó parí, òun àti Young ti kú. Àwọn òǹkọ̀wé kan ti sọ Noguchi di alágídí ènìyàn lásán, èyí kò sì tọ́ sí i pátápátá, nítorí ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibi tí ẹ̀rí ti ta kò ó kì í ṣe ẹni tí kò fẹ́ mọ òtítọ́. Ìyẹn kò sì mú abẹ́rẹ́ tí kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Bí a bá fi iye nìkan ṣe ìdájọ́, Noguchi ni yóò jàre. Aláìsàn 27 àti ẹmọ́ òyìnbó 74 pọ̀ ju ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tí ó bẹ̀rẹ̀ lára ọ̀bọ kan lọ fíìfíì. Síbẹ̀, ẹ̀rí Asibi ni ó dúró. Ìwádìí kékeré kì í ṣe ìwádìí tí kò lágbára nítorí kíkéré rẹ̀ nìkan. Ohun tí àwọn Stokes ṣe ni pé wọ́n béèrè lọ́wọ́ ọ̀bọ, lọ́nà mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò gbára lé ara wọn, bóyá àìsàn tí ó ń ṣe é ni èyí tí ó ń ṣe ènìyàn gan-an. Noguchi béèrè bóyá ó jọ ọ́.

Ọ̀bọ ilẹ̀ Áfíríkà tún fi nǹkan mìíràn hàn. Ọ̀bọ ni òun náà, àdúgbò kan náà ni ó sì ń gbé pẹ̀lú aláìsàn, ṣùgbọ́n ó ti bá fáírọ́ọ̀sì náà gbé pẹ́ débi pé kì í mú un le. Àjèjì láti Éṣíà, níbi tí ibà yìí kò ti fìdí múlẹ̀ rí, ni ó dáhùn. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 1930, Theiler fi hàn pé bí a bá gún fáírọ́ọ̀sì náà sínú ọpọlọ eku kékeré funfun, eku náà yóò ṣàìsàn. Àrùn ọpọlọ ni eku náà ní, kì í ṣe ti ẹ̀dọ̀. Theiler kò wá torí ìyẹn sọ pé àrùn ọpọlọ ni ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ìwúlò tí òun àti àwọn ẹlòmíràn rí fún eku ni láti mọ̀ bóyá ohun tí ó lè bá fáírọ́ọ̀sì jà wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan. Fún ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn, ẹlẹ́rìí gidi ni eku. Láti inú fáírọ́ọ̀sì tí a gbà lára Asibi ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D ní ọdún 1937, tí a ṣì ń lò títí dòní. Theiler sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1951.

Ọ̀rọ̀ họ́mónù ìdààmú náà ní Guayaquil tirẹ̀. Ní ọdún 1936, Hans Selye ní Montreal tẹ lẹ́tà kúkúrú kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Ó ti fi òtútù, ọgbẹ́, àṣejù iṣẹ́ àti oògùn olóró ni èkúté lára, ó sì rí i pé ohun yòówù tí ì báà jẹ́, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lórí kíndìnrín máa ń tóbi sí i, ọgbẹ́ a sì máa yọ nínú ikùn wọn. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sẹ́nu gbogbo ayé. Àwọn olùkọ́ èdè tí wọ́n bá ń wá orúkọ Yorùbá fún un a máa lo másùnmáwo, hílàhílo tàbí ìdààmú, láì kíyè sí i pé ẹni tó ń ro ọ̀la ni ó ń ní másùnmáwo. Èkúté tí a fi sínú òtútù ń jìyà; bóyá ó ń ro owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ìyàtọ̀ náà kò sí nínú èdè nìkan. Cortisol ni olórí họ́mónù yìí lára ènìyàn. Lára èkúté, corticosterone ni, nítorí pé ohun tí ara fi ń ṣe cortisol kò sí ní orí kíndìnrín rẹ̀. Òwúrọ̀, nígbà tí a bá jí, ni ti ènìyàn máa ń ga jù. Ti èkúté, tí ń jẹ̀ lóru, a máa ga nígbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú. Ẹmọ́ òyìnbó tí ó ṣi Noguchi lọ́nà ni ó ń ṣe cortisol bíi tiwa, ṣùgbọ́n ó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ju tiwa lọ, ara rẹ̀ kò sì tètè gbọ́ràn sí i lẹ́nu bí tiwa. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ pé ewé kan tàbí ohun mímu kan ń mú họ́mónù ìdààmú wálẹ̀ nítorí pé ó ṣe bẹ́ẹ̀ lára èkúté mẹ́wàá, iye èkúté kọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a béèrè. Họ́mónù wo ni wọ́n wọ̀n, ìgbà wo nínú ọjọ́ ni, kí sì ni wọ́n fi dá èkúté náà láàmú?

Ìyàtọ̀ kan sì wà láàrin ọ̀ràn méjèèjì tí kò gbè àwọn onímọ̀ òde òní. Ní ọdún 1927, a nílò ọ̀bọ nítorí pé ìdánwò lára ènìyàn lè pa á. Cortisol kò rí bẹ́ẹ̀. Inú itọ́ ẹnu ni ó wà. Ènìyàn lè tu ú sínú ìgò kékeré nígbà tí ó bá jí, kí ó tún tu òmíràn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, kí ó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.