Ọ̀ta

Nídìí ọpọ́n, ọ̀ta ni ẹni tó mọ ayò ta dunjú. Òpè ni ẹni tí wọ́n ń pa láyò. Ẹni tó bá débẹ̀ á ní, “Mo kí ọ̀ta, mo kí òpè.” Èsì rẹ̀ ni pé ọ̀ta ló ń jẹ́, òpè kò gbọdọ̀ fọhùn.

Irú ayò yìí kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Ará Èjìgbò pọ̀ ní Abidjan, níbi tí irú eré yìí ti ń jẹ́ awalé. Ihò 12 àti ọmọ 48 rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ayò. Ṣùgbọ́n ṣé èèyàn lè jẹ gbogbo ọmọ ilé ẹnìkejì lẹ́ẹ̀kan? Òfin ibìkan gbà á, ti ibòmíràn kọ̀. Lójú tèmi, ọ̀ta ló yẹ kó parí irú iyàn bẹ́ẹ̀, kí ayò tó bẹ̀rẹ̀.