Freetown: Ta Ni Ó Ni Àṣẹ Ìlú?

Sàró ni àwọn bàbá wa ń pe ilẹ̀ Sierra Leone, Sàró kan náà ni wọ́n sì ń pe àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti ibẹ̀ padà wá sílé. Nítorí náà kò yani lẹ́nu pé àwọn ènìyàn a máa béèrè ọ̀rọ̀ Freetown, olú-ìlú ilẹ̀ náà. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀: Ta ni ó tẹ ìlú náà dó? Ta ni ó ń ṣàkóso rẹ̀? Báwo ni àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń rìn? Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo ìtàn rẹ̀ yóò rí i pé okùn kan ni ó so ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Àwọn Temne ni ó ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ní 1787, nǹkan bí 400 ènìyàn, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú tí ìṣẹ́ ń ṣẹ́ ní London, tẹ̀dó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjà dé, a sì dáná sun ibùdó wọn ní 1789. Ní oṣù Kẹta 1792, ọkọ̀ 15 kó àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó lé ní 1,000 dé láti Nova Scotia ní ilẹ̀ Kánádà. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n dá Freetown sílẹ̀. Ní 1808 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà sọ́wọ́ ara rẹ̀, àwọn ọkọ̀ ogun rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àwọn tí a gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú kalẹ̀ níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá. Ọ̀kan nínú wọn ni Àjàyí ará Òṣogùn, tí ó gúnlẹ̀ ní 1822, tí ó sì di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther lẹ́yìn náà.

Ní ti àkóso, àwọn ará Nova Scotia wọ̀nyí ni wọ́n kọ́kọ́ ń yan olórí fún ara wọn. Olórí ilé mẹ́wàá mẹ́wàá a yan ẹnì kan. Obìnrin tí ó bá jẹ́ olórí ilé sì ní ìbò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ oníṣòwò kan ní London, tí ó ni àkóso ibẹ̀ nígbà náà, bu owó ilẹ̀ lé wọn, bẹ́ẹ̀ wọ́n gbà pé a ti ṣèlérí fún wọn pé wọn kò ní san án. Ní oṣù Kẹsàn-án 1800 àwọn kan nínú wọn dìtẹ̀. Àwọn Maroon tí a ti kó kúrò ní Jamaica, tí ọkọ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, ni a fi ṣẹ́gun wọn. Ìbò dópin.

Ó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí ìlú náà tó tún ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, ní 1893. Samuel Lewis, ọmọ àwọn tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú, ni Méyọ̀ àkọ́kọ́. Ní 1926 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tú ìgbìmọ̀ náà ká, kò sì padà títí di àwọn ọdún 1940. Ní 1972 ìjọba Sierra Leone fúnra rẹ̀ tún tú àwọn ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ká. Ọdún 2004 ni a tó dìbò yàn wọ́n padà.

Ní ti ìrìnnà pẹ̀lú, bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí. Ní 1896 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà rélùwéè láti Freetown, kí ó lè máa kó ẹrù oko wá sí èbúté. Ó dé Bo ní 1903. Ní 1904 a la ọ̀nà mìíràn gun òkè lọ sí Hill Station, níbi tí a kọ́ ilé fún àwọn òṣìṣẹ́ òyìnbó kí wọ́n lè jìnnà sí ẹ̀fọn àti ibà. Èyí kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1929, rélùwéè ńlá sì dópin ní 1974. Láti ìgbà náà, ojú títì tóóró tí ó wà láàárín òkè àti òkun ni gbogbo ènìyàn ń dù: àwọn bọ́ọ̀sì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní poda-poda, ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tí ó bá bá ọkọ̀ òfurufú dé sí Lungi ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi, tàbí kí ó rìn yípo lọ́nà jíjìn, kí ó tó wọ ìlú.

Kí a má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ lásán ni èyí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ 2017, lẹ́yìn òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá, ilẹ̀ òkè ya ní agbègbè Regent, ó sì bo ọ̀pọ̀ ilé. Àwọn tí ó kú àti àwọn tí a kò rí mọ́ lé ní 1,000. A ti gé igbó orí òkè, a sì ti kọ́lé sí ibi tí kò yẹ kí ilé wà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbìmọ̀ ìlú ni ó ní àṣẹ àtifún ènìyàn ní ìwé ìkọ́lé nígbà náà. Ọwọ́ ìjọba orílẹ̀-èdè ni ó wà. Ìgbìmọ̀ tí a ní kí ó kó ìdọ̀tí kúrò ní ojú gọ́tà kò lè dá ẹni tí ń kọ́lé sí ojú àgbàrá dúró.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún àwọn ìlú ńlá gbogbo ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó ni orí ni ó ni fìlà. Bí a bá yan ìgbìmọ̀ fún ìlú, kí a fún un ní àṣẹ lórí ilẹ̀ àti ojú ọ̀nà ìlú náà pẹ̀lú, kí àwọn ará ìlú lè mọ ẹni tí wọn yóò bi nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́.