Fatal Frame: Géèmù Ẹ̀rù Tó Ń Fẹ́ Sùúrù
Fatal Frame ni géèmù abanilẹ́rù tí iléeṣẹ́ Tecmo ní Japan gbé jáde lórí PlayStation 2 lọ́dún 2001. Miku Hinasaki ń wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Mafuyu, nínú ilé ńlá kan tó ti dahoro. Kò níbọn, kò ládàá. Kámẹ́rà àtijọ́ ló fi ń bá òkú jà.

Àkúdàáyà tí wọ́n ń sọ fún wa l'Ọ̀wọ̀ máa ń sá fẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Tinú géèmù yìí, ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀. Bó bá ṣe súnmọ́ yín tó ni fọ́tò ṣe ń dùn ún tó. Nígbà tí mo gbá a, sùúrù yẹn ló le jù fún mi.

Ẹ máa ka ìwé tẹ́ ẹ bá rí nílẹ̀. Ibẹ̀ nìtàn wà. Ẹ sì máa save déédéé: bí iná bá lọ, ibi tẹ́ ẹ save kẹ́yìn lẹ máa padà sí.