Gìtá Oníka Méjì ní Òkè-Ìlá

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kọ̀wé sí mi pé òun fẹ́ mọ ẹni tó kọ́ àwọn bàbá wa ní gìtá. Ó ti dá ara rẹ̀ lóhùn kó tó bi mí: ó ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbà. Dùùrù àti tóníkì sọ́ọ̀fà ni ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ wa. Ojú òkun ni gìtá gbà wọlé.

Àwọn Kru, ará etíkun Làìbéríà, ló ń bá òyìnbó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun káàkiri etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Gìtá rọrùn láti gbé, wọ́n sì wá ọ̀nà tiwọn láti ta á: àtàǹpàkò ń ta okùn tó nípọn, ìka ìlábẹ̀ ń ta àwọn tó tín-ín-rín. Ìka méjì péré! L'Ékòó, Krusbass ni wọ́n ń pè é. Àwọn Kumasi Trio láti Gold Coast gba “Yaa Amponsah” sílẹ̀ ní London ní 1928. Tunde King gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jùjú jáde ní 1936, Ayinde Bakare ní 1937. Ilé ẹlẹ́mu ni ilé ẹ̀kọ́ gìtá nígbà náà.

Èmi náà kọ́ ọ díẹ̀. Ní 1964, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n fi oyè MBE dá I. K. Dairo lọ́lá, tí gbogbo ọ̀dọ́ ń fẹ́ di olórin, mo lọ bá káfíńtà kan ní Òkè-Ìlá tó ti ṣe lébìrà rí ní èbúté Àpápá. (Èkìtì ni wá, “o” ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, kì í ṣe “ẹ”, kò sí ìwọ̀sí níbẹ̀.) Bàbá yìí kì í ṣàlàyé. Á ta orin lẹ́ẹ̀kan, á gbé gìtá fún mi. Bí mo bá ṣì í, á gbà á padà, á tún un ta látìbẹ̀rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló ní: kí n kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ orin náà kí ọwọ́ mi tó kan okùn. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ inú ọ̀rọ̀ ló ń júwe okùn tí ìka máa lọ, bí ìgbà tí onídùndún ń sọ̀rọ̀.

Ọmọ ilé ìwé ni mí, mi ò fọkàn tán etí mi. Bí mo bá délé, mo máa ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ní dò-rè-mì. Orin mọ́kànlá. Nígbà tí mo ṣí ìwé náà ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, mo ta wọ́n bí mo ṣe kọ wọ́n, ohùn pé, ṣùgbọ́n orin ò sí níbẹ̀. Àtàǹpàkò bàbá máa ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìlábẹ̀. Mi ò kọ ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Francis O'Neill ló tù mí nínú díẹ̀. Ọmọ Ireland ni, ó di ọ̀gá ọlọ́pàá ní Chicago, etí ló fi kọ́ orin ijó ìlú rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n kọ sílẹ̀. James O'Neill, ọlọ́pàá bíi tirẹ̀, ló ń bá a kọ ọ́. Ìwé wọn jáde ní 1903, orin 1,850 ló wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń ta fidíò níbẹ̀ máa ń sọ pé egungun lásán ni ìwé. Tiwọn ṣì sàn: Michael Coleman ọmọ Sligo gba tirẹ̀ sí rẹ́kọ́ọ̀dù ní New York, ẹni tó ka ìwé lè gbọ́ ẹran ara rẹ̀. Bàbá Òkè-Ìlá ò ní rẹ́kọ́ọ̀dù. Mo ra ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ní 1975, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti ara mi ni mo kọ́kọ́ fi gbà! Ìgbà tí mo fi máa délé, wọ́n ti sin ín.

Ọmọ ọmọ mi ń kọ́ gìtá báyìí lórí YouTube. Lóṣù tó kọjá, ó ní kí n fún òun ní ìwé yẹn. Mi ò fún un. Mo ní kó jókòó, kó kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ọ́.