Ifẹ̀: Orúkọ Ìlú Nínú Ẹsẹ Ifá

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé-Ifẹ̀ ni ilé tí gbogbo ọmọ Odùduwà ń wò, orúkọ rẹ̀ sì ni ìtàn àkọ́kọ́ tí ìlú náà sọ nípa ara rẹ̀.

Omi ni ó bo ayé nígbà ìwáṣẹ̀. Olódùmarè rán àwọn òrìṣà pẹ̀lú erùpẹ̀ àti adìẹ tí ó ní ìka ẹsẹ̀ márùn-ún. Àwọn kan ní Ọbàtálá ni ó parí iṣẹ́ náà, àwọn mìíràn ní Odùduwà ni. Ṣùgbọ́n ẹnu kò lórí èyí: adìẹ ta erùpẹ̀ sórí omi, ilẹ̀ sì fẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ ti fẹ̀ ni à ń pè ní Ifẹ̀, Ifẹ̀ Oòdáyé, níbi tí ojúmọ́ ti ń mọ́ wá.

Odù Ifá jẹ́ 256: ojú odù 16 àti ọmọ odù 240. Nínú ẹsẹ wọn, Ifá a máa dárúkọ awo tí ó dífá, ẹni tí a dá a fún, àti ìlú tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ìwòrì Méjì sọ pé Ọ̀rúnmìlà gbé ní Òkè Ìgẹ̀tí ní Ifẹ̀. Ní ọjọ́ ọdún rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́jọ wá kí i. Alárá àti Ajerò wà lára wọn. Ọlọ́wọ̀, àbíkẹ́yìn, kọ̀ láti foríbalẹ̀, ó ní ọba ni òun pẹ̀lú. Bàbá bínú, ó padà sí ọ̀run, ayé sì dàrú. Nígbà tí àwọn ọmọ lọ bẹ̀ ẹ́, ikin mẹ́rìndínlógún ni ó fi rọ́pò ara rẹ̀. Ìtàn ìlú wà nínú ìtàn yìí: orúkọ oyè àwọn ọmọ náà so Ará, Ìjerò àti Ọ̀wọ̀ mọ́ Ifẹ̀.

Samuel Johnson kọ ìtàn mìíràn sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921, pé Mẹ́kà ni Odùduwà ti wá. Ìwé náà tàn kálẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé sì mọ̀ ọ́n ṣáájú Ifá. Ṣùgbọ́n orúkọ Ifẹ̀ ń jẹ́rìí tirẹ̀: kò sọ̀rọ̀ nípa ibi tí a ti ṣí wá, ibi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni ó ń sọ.

Orúkọ náà rìn jìnnà. Ní Tógò, ní agbègbè Atakpamé, àwọn ènìyàn kan ń pe ara wọn àti èdè wọn ní Ifẹ̀. Ní Kúbà, àwọn babaláwo ṣì ń dárúkọ Ilé-Ifẹ̀ nínú ìtàn odù.

Síbẹ̀, ewu wà nílé. Bí a bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, Ifẹ̀, ìfẹ́ àti ife á di ọ̀kan náà lójú àlejò. Púpọ̀ nínú wọn ti gbà pé ìlú ìfẹ́ ni àwọn dé. Ọ̀rọ̀ dídùn ni, ṣùgbọ́n adìẹ, erùpẹ̀ àti omi ti bọ́ kúrò nínú rẹ̀.

UNESCO bu ọlá fún Ifá ní 2005, ó sì fi í sínú àkójọ ogún aráyé ní 2008. Ẹnu ni a fi pa ogún náà mọ́ títí di òní. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń gun Òkè Ìtasẹ̀ lọ́dún yìí, kí ó fi ohùn ìsàlẹ̀ parí orúkọ ìlú náà: Ifẹ̀. Ẹni tí ó bá pè é bẹ́ẹ̀ ti ka ẹsẹ kan.

Àbọrú, àbọyè.