Òfin Omi Àjùmọ̀lò: Bí Ìpínlẹ̀ àti Orílẹ̀-èdè Ṣe Ń Pín Odò Kan Náà

Òfin omi àjùmọ̀lò ni àkójọ àdéhùn, ìdájọ́ àti àṣà tó ń darí bí ìpínlẹ̀ tàbí orílẹ̀-èdè méjì sí i ṣe ń lo odò, adágún àti omi abẹ́ ilẹ̀ tó rékọjá ààlà wọn. Odò àti adágún tó rékọjá ààlà orílẹ̀-èdè ju 300 lọ lágbàáyé. Ilẹ̀ orílẹ̀-èdè 19 ni omi ti ń ṣàn wọ odò Danube nìkan. Odò Ọya ṣàn láti orí òkè Guinea, ó gba Mali àti Niger kọjá, ó fara kan ààlà Benin kó tó wọ Nàìjíríà. Ìrìn rẹ̀ dé òkun tó nǹkan bíi kìlómítà 4,180.

Ará òkè odò ló ń kọ́kọ́ fọwọ́ kan omi. Ará ìsàlẹ̀ ló ń gba ohun tó bá kù, yálà ọ̀gbẹlẹ̀ ni, ìdọ̀tí ni, tàbí omíyalé.

Láti orí “tèmi ni” dé orí pínpín

Ní 1895, àwọn àgbẹ̀ Mẹ́síkò létí odò Rio Grande ké gbàjarè pé àwọn ará Amẹ́ríkà tó wà lókè ti fa omi tán. Judson Harmon, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba Amẹ́ríkà nígbà náà, dáhùn pé kò sí òfin tó ní kí Amẹ́ríkà fi omi tó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìjọba rẹ̀ gan-an kò dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí: ní 1906, ó bá Mẹ́síkò ṣàdéhùn láti máa fún un ní omi lọ́dọọdún. Ní 1907, nígbà tí ìpínlẹ̀ Kansas pe Colorado lẹ́jọ́ lórí odò Arkansas, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ pé ẹgbẹ́ ni ìpínlẹ̀ méjèèjì, àti pé pínpín tó bá ẹ̀tọ́ mu ni kí wọ́n fi yanjú aáwọ̀.

Ìlànà yìí ló wọ inú Àdéhùn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní 1997. Ohun mẹ́ta ni Àdéhùn náà béèrè: kí oníkálukú lo omi lọ́nà tó bá ẹ̀tọ́ àti òye mu, kó má ṣe aládùúgbò rẹ̀ léṣe tó hàn gbangba, kó sì fi tó o létí kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó lè kàn án. Orílẹ̀-èdè 103 ló dìbò fún un. Ṣáínà, Tọ́kì àti Burundi ló lòdì sí i. Ọdún 2014 ló tó di òfin tó múlẹ̀. Nàìjíríà àti Benin wà lára àwọn tó wọ̀ ọ́.

Ìfitónilétí

Nínú ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀kẹta ló rọrùn jù fún adájọ́ láti wọ̀n. Ilẹ̀ Faransé fẹ́ yí omi adágún Lanoux padà láti fi ṣe iná mànàmáná, kó sì dá iye kan náà padà sínú odò kó tó dé Sípéènì. Ní 1957, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ sọ pé Faransé kò nílò àṣẹ Sípéènì, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ bá a jíròrò tọkàntọkàn. Ní 2010, Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague dá Uruguay lẹ́bi nítorí pé ó fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fi igi ṣe èròjà ìwé láyè létí odò Uruguay láìfi tó Argentina létí bó ti yẹ. Ilé-ẹjọ́ náà kò rí ẹ̀rí pé wọ́n ba odò jẹ́.

Odò Bẹ́núé ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan Nàìjíríà jù. Kamẹrúùnù parí dáàmù Lagdo lórí odò náà ní 1982. Ètò wà pé kí Nàìjíríà kọ́ tirẹ̀ sí Dasin Hausa ní Adamawa láti gba omi tí Lagdo bá tú sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò parí rẹ̀. Nínú omíyalé 2012, ẹ̀mí tó lé ní 360 ló lọ ní Nàìjíríà. Ní 2022, ó ju 600 lọ. Òjò àrọ̀ìrọ̀dá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n omi Lagdo náà pa kún un. Ní September 2024, àwọn ará Kamẹrúùnù fi tó Nàìjíríà létí pé àwọn fẹ́ máa tú omi náà díẹ̀díẹ̀, àjọ tó ń mójú tó omi ní Nàìjíríà sì kìlọ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀ etí odò.

Àdéhùn tó mọ́yán lórí àti èyí tó fi ẹnìkan sẹ́yìn

Ní 1959, Íjíbítì àti Sùdáánì pín odò Náílì láàárín ara wọn: bílíọ̀nù kúbíìkì mítà 55.5 lọ́dọọdún fún Íjíbítì, 18.5 fún Sùdáánì. Wọn ò pe Ethiópíà sí i, bẹ́ẹ̀ láti orí òkè rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú omi náà ti ń wá. Ethiópíà bẹ̀rẹ̀ dáàmù ńlá tirẹ̀ ní 2011, ó sì ṣí i ní September 2025, láìsí àdéhùn kankan tó so ó mọ́ ìpín 1959.

Mali, Mauritania àti Senegal gba ọ̀nà mìíràn. Ilẹ̀ Mali ni dáàmù Manantali wà, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ni ín, wọ́n sì jọ ń pín iná rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Tógò àti Benin ṣe jọ ń jẹ àǹfààní dáàmù Nangbeto lórí odò Mono láti 1987. Lórí odò Ọya, orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ló wà nínú àjọ tó ń bójú tó o, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé ìlànà omi ní 2008.

Àdéhùn Indus ti 1960 pín odò láàárín Íńdíà àti Pakistan, mẹ́ta fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, ó sì la ogun já ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní April 2025, Íńdíà kéde pé òun dá a dúró ná.

Láàárín ìpínlẹ̀ Nàìjíríà

Ìwé Òfin 1999 fi omi tó kan ju ìpínlẹ̀ kan lọ sábẹ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àjọ ìjọba àpapọ̀ ló ń darí dáàmù Ọ̀yàn ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Tí wọ́n bá tú omi rẹ̀, odò Ògùn ló ń gbé e lọ sí àwọn àdúgbò etí odò ní Èkó, títí kan agbègbè Mile 12. Nígbà tí àbá òfin omi tuntun tún délẹ̀ ní 2020, àwọn gómìnà kan kọ̀ ọ́, wọ́n ní ìjọba àpapọ̀ fẹ́ fi gba etí odò lọ́wọ́ ìpínlẹ̀.

Omi abẹ́ ilẹ̀

Ibí ni òfin ṣì kéré jù. Omi tó wà lábẹ́ Geneva àti àgbègbè Faransé tó bá a pààlà ti ní àdéhùn láti 1978: Geneva ń da omi odò Arve padà sábẹ́ ilẹ̀, àwọn ìlú Faransé tó ń fà á sì ń san tiwọn nínú owó rẹ̀. Argentina, Brazil, Paraguay àti Uruguay fọwọ́ sí àdéhùn lórí Guarani, omi abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n jọ ní, ní 2010. Mali, Niger àti Nàìjíríà náà jọ ní irú omi bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Iullemeden, tó nà dé abẹ́ ilẹ̀ Sókótó.