Santo: Ọ̀rọ̀ Kan, Ìtumọ̀ Púpọ̀

Ọ̀rọ̀ èdè Sípáníìṣì kan la fẹ́ yẹ̀ wò lónìí: santo.

Inú èdè Látìn ló ti wá, 'mímọ́' sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ní Sípéènì, ẹni mímọ́ tí Ìjọ Kátólíìkì ń bọlá fún ni santo. Ère rẹ̀ náà, santo ni. Ọjọ́ àjọ̀dún ẹni mímọ́ tí èèyàn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, santo onítọ̀hún ni. Bí ẹnìkan bá sì gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ, wọn á ní santo rẹ̀ ti gòkè re ọ̀run!

Kúbà ni ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tí ogun tú Ọ̀yọ́ Ilé ká, wọ́n kó ọ̀pọ̀ èèyàn wa lẹ́rú lọ sí oko ìrèké níbẹ̀. Lucumí ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá ní Kúbà. Òfin ní kí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ẹrú, kí wọ́n sì kọ́ ọ ní ẹ̀sìn Kátólíìkì. Ni wọ́n bá fi santo bo òrìṣà. Santa Bárbara ni àwọn Kátólíìkì ń ké pè bí àrá bá ń sán, ni Ṣàngó bá bá a pín ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá. Ọbalúayé di San Lázaro, ọjọ́ 17 oṣù kan náà. Títí dòní, bí ará Kúbà bá ní òun ti 'ṣe santo', adóṣù òrìṣà ló dà yẹn.

Ṣé santo wá ni òrìṣà? Rárá o. Aṣọ ni santo, òrìṣà ló wọ̀ ọ́. Ẹ wá wo ilé. Nínú Bíbélì Yorùbá tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ṣáájú ìtumọ̀ rẹ̀, Èṣù ni wọ́n fi pe olórí àwọn ẹ̀mí búburú. Lónìí, ọmọ Yorùbá gbọ́ orúkọ Èṣù, ó ń sá. Ní Kúbà, wọ́n gba ọ̀rọ̀ àjèjì, wọ́n fi pa òrìṣà mọ́. Nílé, a mú orúkọ òrìṣà tiwa, a fi wọ ohun àjèjì.

Àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ ìtumọ̀ níláti rántí èyí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a bá yàn lónìí lè gba òrìṣà là, ó sì lè ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ fún igba ọdún.